Hánẹ́ẹ̀sì fún káìtì orí fọ́ìlì: bí ẹ ṣe máa yàn án, àti bí ẹ ṣe máa tún un ṣe kó bá ara yín mu

Ẹni tó ti ń fi káìtì, aṣọ ńlá tí afẹ́fẹ́ ń gbé tó sì ń fa èèyàn lórí omi, sáré lórí bọ́ọ̀dù lásán tẹ́lẹ̀, tó wá gun orí fọ́ìlì, ìyẹn bọ́ọ̀dù tó ní òpó àti ìyẹ́ lábẹ́, sábà máa ń rí i pé hánẹ́ẹ̀sì, ìgbànú fífẹ̀ tí a fi ń so káìtì mọ́ ara, tí kò yọ ọ́ lẹ́nu rí bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní egungun ìhà. Hánẹ́ẹ̀sì ò bàjẹ́ o. Ọ̀nà tí káìtì ń gbà fa ara rẹ̀ ló yí padà.

Lórí bọ́ọ̀dù lásán, gìgísẹ̀ la fi ń tẹ omi, a sì máa ń kọ ìbàdí sí ọ̀dọ̀ káìtì. Lórí fọ́ìlì, bọ́ọ̀dù ti gbéra kúrò lójú omi, ìyẹ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ òpó nìkan ló kù nínú omi, kò sí ohun tí gìgísẹ̀ fẹ́ tẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ iwájú kọjú sí ibi tí à ń lọ, ìbàdí náà sì tẹ̀ lé e. Fọ́ìlì yá púpọ̀, ó sì máa ń lọ dáadáa sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Nítorí náà káìtì kì í pẹ́ lókè orí, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà, nítòsí ojú omi, ẹ̀gbẹ́ ló sì ti ń fà wá. Bí ìkọ́ irin tó so hánẹ́ẹ̀sì mọ́ káìtì bá wá dúró gbagidi láàárín ikùn, ìfà ẹ̀gbẹ́ yìí á yí gbogbo hánẹ́ẹ̀sì po mọ́ wa lára: ìkọ́ á lọ sí ìbàdí kan, etí hánẹ́ẹ̀sì á sì wọ inú ìhà kejì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù nìyí: hánẹ́ẹ̀sì gbọ́dọ̀ dúró sójú kan lára, ibi tí káìtì ti ń fà á ni kó máa rìn. Bí ẹ bá rí méjèèjì gbà, ẹ máa pẹ́ lórí omi láìrora. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, owó tí ẹ san ò ní gbà yín.

Ẹ má sì fi ti àwọn asáré ṣe àwòkọ́ṣe. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, nígbà tí káìtì kọ́kọ́ wọ ìdíje Òlíńpíìkì, ní etíkun Marseille ní ilẹ̀ Faransé, Ellie Aldridge ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gba góòlù àwọn obìnrin, Valentin Bontus ti Ọ́stríà sì gba ti àwọn ọkùnrin. Ẹni tó bá wo eré náà á rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ sórí omi, gbogbo ìwúwo ara wọn ló wà nínú hánẹ́ẹ̀sì, káìtì wọn sì tóbi débi pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń díje mọ̀ọ́mọ̀ jẹun kí wọ́n lè wúwo sí i. Ohun tí ara wọn ń béèrè kọ́ ni ara ẹni tó fẹ́ fi afẹ́fẹ́ tí kò le jù, nọ́ọ̀tì 12, ṣe fàájì lọ́jọ́ Sátidé ń béèrè.

Ìgbésẹ̀ kìíní: irú wo lẹ fẹ́?

Mẹ́ta ló wà lọ́jà. Èkíní ni ti ìdí, èyí tó ní ọ̀já tó gba abẹ́ itan, téèyàn á fi dà bí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀. Kì í gòkè láéláé, ìfà rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ tí kò fi ní da ẹ̀yìn láàmú. Ó dára fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, fún ẹni tí ikùn rẹ̀ yọ, fún ẹni tí ìbàdí rẹ̀ rí gbọọrọ tí hánẹ́ẹ̀sì kò rí ibi dúró lé, àti fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ tí káìtì rẹ̀ ṣì ń pẹ́ lókè orí. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó máa ń di ìbàdí mú. Lórí fọ́ìlì, níbi tí ẹ ti máa ń pààrọ̀ ẹsẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yí ọ̀nà padà, ọ̀já itan á máa há, á sì máa ha ara.

Èkejì ni ti ìbàdí tí ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀. Ó ń tẹ̀ lé ara, ó tuni lára nígbà téèyàn bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n bí ìfà bá ti ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, ó máa ń ká jọ, á sì máa fún ìhà. Ẹ̀kẹta ni ti ìbàdí tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù tàbí fáíbà ṣe. Èyí máa ń pín ìfà káàkiri gbogbo ẹ̀yìn, kì í ká.

Èmi á ní kí ẹlẹ́sẹ̀ fọ́ìlì mú ẹlẹ́yìn líle bí ara rẹ̀ bá gbà á, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́: bí ara rẹ̀ bá gbà á. Ẹ̀yìn líle ní bátànì tirẹ̀, kò ní tẹ̀ nítorí yín. Ẹni tí kòtò ẹ̀yìn rẹ̀ jìn, tó wọ èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, etí méjèèjì nìkan ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ lára. Kò sí fóòmù tó lè wo ìyẹn sàn tán. Ti kábọ́ọ̀nù tó gbówó lórí jù kò sì fi bẹ́ẹ̀ dára ju ti fáíbà lọ fún iṣẹ́ yìí. Bí ó ṣe bá ẹ̀yìn yín mu ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wọn ìbàdí yín nínú aṣọ tí ẹ máa wọ̀

Ní etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ní Hayling Island àti ní Poole, omi oṣù Kejì tutù rinrin, aṣọ rọ́bà tó nípọn tó mìlímítà 5 la máa ń wọ̀. Bó bá di oṣù Kẹjọ, mìlímítà 3 ti tó. Ìyàtọ̀ mìlímítà 2 yẹn, bó bá yí ìbàdí ká, ó fi sẹ̀ǹtímítà kan lé díẹ̀ kún ìwọ̀n. Nítorí náà ẹ wọ aṣọ rọ́bà tí ẹ ń lò jù, kí ẹ fi téèpù yí ara ká nísàlẹ̀ ìdodo díẹ̀, lókè ibi tí egungun ìbàdí ti yọ. Ẹni tó ń lọ sí Ceará ní Bràsíl, níbi tí omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ dáadáa láti oṣù Keje títí ọdún á fi parí, kó wọn tirẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé àti ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Bí ìwọ̀n yín bá bọ́ sáàárín nọ́ńbà méjì, kékeré ni kẹ́ ẹ mú. Ọ̀já àti rọ́bà máa ń tú díẹ̀ bí omi bá ti rin wọ́n. Àmì tí mo fi ń mọ̀ ni àyè tó kù láàárín etí hánẹ́ẹ̀sì àti ọ̀pá iwájú (irin tó wà níwájú ikùn) lẹ́yìn téèyàn bá ti fún un dé ibi tó lè fún un dé: ó yẹ kí sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 ṣì ṣẹ́kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí etí bá ti kan ọ̀pá ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti tóbi jù, torí pé lórí omi kò ní sí ibi tí ẹ máa fún un sí mọ́, gòkè lá á máa gòkè.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi ara kọ́ kí ẹ tó sanwó

Ìdánwò yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí àwọn tó ń tà á lè sọ fún yín lọ. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù káìtì ló ní okùn tí wọ́n so mọ́ igi àjà fún un. Bí wọn ò bá ní, ẹ béèrè bóyá ẹ lè gbé e lọ sílé, kí ẹ so okùn tó lágbára mọ́ òpó tàbí mọ́ irin tí àwọn eléré ìdárayá fi ń na apá.

Ẹ wọ aṣọ rọ́bà, ẹ de hánẹ́ẹ̀sì mọ́ra. Ọ̀já ìsàlẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ fún. Ìyá tó ń pọn ọmọ mọ̀ pé ọ̀já tó gba abẹ́ ìdí ọmọ ló ń gbé e ró, aṣọ òkè kàn ń jẹ́ kó fara mọ́ ẹ̀yìn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni níbí: kí ọ̀já ìsàlẹ̀ fún ṣinṣin mọ́ orí egungun ìbàdí, kí ti òkè sì rọ̀ débi tí ẹ ó fi lè mí kanlẹ̀.

Ẹ wá fi ìkọ́ kọ́ okùn náà. Kí okùn wá láti ìwọ̀n àyà tàbí èjìká, kó má ṣe wá láti òkè tààrà, torí pé bẹ́ẹ̀ ni káìtì orí fọ́ìlì ṣe ń fà. Ẹ fara tì sẹ́yìn, ẹ yí ẹsẹ̀ méjèèjì sí apá ọ̀tún bíi pé orí bọ́ọ̀dù lẹ wà, ẹ dúró bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ yí sí òsì. Ẹ lo tó ìṣẹ́jú 15. Kò sí hánẹ́ẹ̀sì tí kò tuni lára fún ìṣẹ́jú kan.

Bí ẹ ṣe wà níbẹ̀, ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ etí òkè hánẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn. Bí ìkúùkù bá wọlé, hánẹ́ẹ̀sì náà á gòkè lórí omi. Ẹ gbé orúnkún sókè díẹ̀, bóyá etí ìsàlẹ̀ ń gé itan.

Lẹ́yìn tí ẹ bá bọ́ ọ, ẹ wo ara yín. Ìwé tí wọ́n kọ fún òyìnbó máa ń ní kí wọ́n wá ibi tó pọ́n. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ìka la fi ń wá a. Ẹ fi orí ìka rìn yí ìbàdí ká, díẹ̀díẹ̀, láti ọ̀pá ẹ̀yìn wá síwájú. Bí ara bá ní àpá fífẹ̀ tó tẹ́ káàkiri, ìfà ti pín dáadáa. Bí ẹ bá kan ilà tóóró kan tó wọlé bí ojú ọ̀bẹ, pàápàá lórí egungun ìhà tó kẹ́yìn, hánẹ́ẹ̀sì yẹn kì í ṣe tiyín, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọ̀pá iwájú àti okùn

Ibí ni àtúnṣe gidi wà. Ọ̀pá iwájú ni irin tó so apá méjèèjì hánẹ́ẹ̀sì pọ̀ níwájú ikùn. Ẹ fi ọwọ́ wá egungun ìbàdí méjèèjì tó yọ níwájú, kí ẹ wọn àárín wọn. Ọ̀pá kò gbọ́dọ̀ gùn ju ìyẹn lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orí rẹ̀ á máa gbá egungun. Ọ̀pọ̀ hánẹ́ẹ̀sì ló gbà kéèyàn pààrọ̀ ọ̀pá yìí, nítorí náà ọ̀pá tó gùn jù kì í ṣe ìdí láti da hánẹ́ẹ̀sì tó bá ẹ̀yìn yín mu nù.

Ìkọ́ tó dúró sójú kan dára fún ẹni tó ń fò sókè gan-an, àti fún ẹni tó máa ń yọ káìtì kúrò lórí ìkọ́ ṣe àrà, tó fẹ́ tètè fi padà. Ẹlẹ́sẹ̀ fọ́ìlì tó kù, okùn ni kó lò: ọ̀pá tí okùn kan so láti ihò apá ọ̀tún dé ihò apá òsì, tí ìkọ́ tàbí ojóbó káìtì (òrùka tó wà ní ìdí okùn káìtì) fúnra rẹ̀ sì ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá yí ìbàdí, ibi tí káìtì ti ń fà á rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́, hánẹ́ẹ̀sì á sì dúró síbi tó wà.

Okùn tó ń bá ọ̀pá wá láti ilé iṣẹ́ sábà máa ń gùn ju bó ti yẹ fún àwọn kan, ó sì máa ń jẹ. Bí ẹ ṣe máa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ nìyí.

Ẹ ra Dyneema, irú okùn oníke kan, tó nípọn tó mìlímítà 6. Okùn yìí lágbára púpọ̀: ojúlówó rẹ̀ tí kò ní awọ máa ń gbé ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ kó tó já. Kókó tí a bá ta sórí rẹ̀ máa ń gba nǹkan bí ìdajì agbára yẹn, èyí tó kù ṣì pọ̀ ju ohun tí à ń fẹ́ lọ. Ohun tó ń pa á ni ìha: iyanrìn tó wọ inú rẹ̀, etí irin tó mú, àti ooru ìyọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, nítorí Dyneema máa ń yọ́ ní nǹkan bí dígírì 150 péré. Nítorí náà mo fẹ́ràn èyí tí wọ́n fi awọ poliẹ́sítà wọ̀. Awọ ni yóò máa jẹ, inú á ṣì wà, ojú yín á sì rí i kó tó di wàhálà. Ó tún ń di kókó mú, torí Dyneema ìhòòhò máa ń yọ̀ gan-an. Ẹ fi ìka yẹ inú ihò méjèèjì ọ̀pá wò; bó bá mú, ẹ fi sáńpépà kíkúnná yún un títí á fi dán.

Gígùn okùn ni ọ̀rọ̀ wà. Okùn tó dẹ̀ jù á gbé ọ̀pá ìdarí, èyí tí ẹ fi ọwọ́ mú láti darí káìtì, jìnnà sí yín. Bó bá dẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7, ọ̀pá ìdarí ti fi sẹ̀ǹtímítà 7 jìnnà, ẹni tí apá rẹ̀ kúrú kò sì ní lè na ọwọ́ dé okùn tí a fi ń dín agbára káìtì kù. Okùn tó le tantan náà níṣòro tirẹ̀. Bí káìtì bá fa okùn náà láàárín, tí okùn fi ṣe igun dígírì 30 sí ọ̀pá, ìfà inú okùn kò ju agbára tí káìtì fi ń fà lọ. Bí igun yẹn bá jẹ́ dígírì 10, ìfà inú okùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta, kókó méjèèjì ló sì máa jẹ ìyà rẹ̀. Ààrin méjèèjì la ń wá.

Ẹ jẹ́ ká ní ihò sí ihò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 24. Kí okùn tó lè dẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4, tó dára fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kókó sí kókó gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 25.3. Kó tó dẹ̀ dé 7, á jẹ́ nǹkan bíi 27.8. Ẹ rí i pé sẹ̀ǹtímítà méjì àti ààbọ̀ péré ló wà láàárín okùn tó dára àti èyí tí ọwọ́ ò ní tó. Bẹ́ẹ̀ sì ni kókó tuntun máa ń fún bí ara bá ti rọ̀ mọ́ ọn, ó sì máa ń tú okùn sílẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá wọn ín lórí tábìlì tó sì gbà pé ó ti parí, lórí omi ló máa mọ̀.

Nítorí náà ẹ gé okùn tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ má tíì wọn ohunkóhun. Ẹ ti orí rẹ̀ bọ ihò, kí ẹ ta kókó sí ẹ̀yìn: ẹ gbé orí okùn kọjá lórí ara rẹ̀, ẹ yí i gba abẹ́, kí ẹ wá tì í wọ ojú àkọ́kọ́, kó rí bí òǹkà 8. Ẹ ṣẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 kù lẹ́yìn kókó. Ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bákan náà. Ẹ padà síbi okùn ìdánwò, ẹ fi gbogbo ìwúwo yín rọ̀ mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ títí kókó á fi le bí òkúta, lẹ́yìn náà kí ẹ tó wọn bó ṣe dẹ̀ sí. Bó bá pọ̀ jù, ẹ tú kókó kan, ẹ sún un. Ìgbà tó bá tó ni kí ẹ tó gé ìdí okùn kù, kí ẹ fi iná yọ́ ọ díẹ̀ kó má bàa fọ́.

Bí ẹ bá ń fi ojóbó káìtì rin orí okùn tààrà láìsí ìkọ́, ẹ rí i dájú pé ojóbó náà jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún okùn. Ìlànà ISO 21853 ti àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìwọ̀n, tó jáde ní ọdún 2020, sọ bí ilé iṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ dán ẹ̀rọ ìtúsílẹ̀ káìtì (ohun tí ẹ ń tì láti tú káìtì kúrò lára yín) wò, ṣùgbọ́n okùn tí ẹ̀yin fọwọ́ ara yín ṣe kò sí nínú ìdánwò tiwọn. Ẹ dán an wò fúnra yín: ẹ rọ̀ mọ́ ọn, ẹ di ojú, ẹ ti ẹ̀rọ ìtúsílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́yìn náà ọwọ́ òsì. Kí ohun rírọ̀ wà nílẹ̀ lẹ́yìn yín, torí pé ẹ máa ṣubú bó bá ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ó bá há lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ má gbé e lọ sómi.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àwọn ohun tó ń so mọ́ ọn

Okùn ààbò káìtì, èyí tó ń di káìtì mú lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú u, iwájú ni kẹ́ ẹ so ó mọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, níbi tí ọwọ́ méjèèjì ti lè dé e láìwò. Irin ẹ̀yìn tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń gbé ọ̀pá ìdarí gba ẹ̀yìn kọjá kò wúlò lórí fọ́ìlì. Bó bá ṣeé yọ, ẹ yọ ọ́, kó má máa fa okùn mọ́ra. Ẹ má fi okùn so bọ́ọ̀dù fọ́ìlì mọ́ hánẹ́ẹ̀sì rárá. Bí ẹ bá ṣubú, okùn yẹn ni yóò fà á padà wá bá yín, ìyẹ́ rẹ̀ sì mú.

Ọ̀bẹ tí a fi ń gé okùn, ẹ fi síbi tí ọwọ́ òsì àti ọ̀tún ti lè fà á yọ. Ọ̀pọ̀ hánẹ́ẹ̀sì máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, níbi tí ọwọ́ kan ṣoṣo lè dé. Ẹ rán àpò rẹ̀ síwájú. Abẹ́rẹ́ nílá àti òwú náílọ́ọ̀nù tó.

Jákẹ́ẹ̀tì ààbò gbọ́dọ̀ kúrú níwájú. Bí etí rẹ̀ bá wọ abẹ́ hánẹ́ẹ̀sì, ó ń ti hánẹ́ẹ̀sì sókè. Bó bá sì bo ọ̀pá, ó lè bo ẹ̀rọ ìtúsílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ de hánẹ́ẹ̀sì, kí jákẹ́ẹ̀tì wá jókòó sí òkè rẹ̀.

Fọ́ìlì ń gbé wa lọ jìnnà nínú afẹ́fẹ́ tí kò lágbára, afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ sì lè kú lójijì. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí ní àpò kékeré lára hánẹ́ẹ̀sì rẹ̀, kó fi fèrè àti fóònù tó wà nínú ọ̀rá tí omi kì í wọ̀ sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, 999 lẹ máa pè, kí ẹ ní Coastguard, àwọn tó ń gba èèyàn là lójú òkun, lẹ fẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọjọ́ àkọ́kọ́ lórí omi àti ìtọ́jú

Ẹ má fi afẹ́fẹ́ líle bẹ̀rẹ̀ okùn tuntun. Ẹ lọ kékeré, ẹ padà sí etíkun lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ẹ tún ọ̀já ìsàlẹ̀ fún, torí pé yóò ti tú. Bí hánẹ́ẹ̀sì bá ṣì ń gòkè lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ọ̀já abẹ́ itan kún un, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń tà á lọ́tọ̀. Bí ibì kan ṣoṣo ní ẹ̀yìn bá ń roni, fóòmù tí omi kì í wọ̀, tó nípọn tó mìlímítà 3, lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ gé e kó fẹ̀ ju ibi tó ń roni lọ dáadáa, kí etí rẹ̀ má tún di ìṣòro tuntun.

Omi tí kò níyọ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣan án ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti òkun dé, pàápàá inú ihò ọ̀pá àti abẹ́ okùn, ibẹ̀ ni iyanrìn ń sá sí. Ibòji ni kó ti gbẹ. Oòrùn máa ń jẹ ọ̀já àti òwú tí wọ́n fi rán an. Ẹ máa fi ìka rìn lórí okùn láti kókó dé kókó. Bí awọ rẹ̀ bá ti ń hu irun, ó ṣì lè ṣe díẹ̀ sí i. Bí ó bá ti ya tí ẹ rí okùn inú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe ti àkọ́kọ́, ẹ kúkú ṣe méjì, ẹ rọ̀ mọ́ èkejì náà kí kókó rẹ̀ le, kí ẹ tú kókó ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ fi máákà sàmì síbi tó wà, kí ẹ sì jù ú sínú báàgì káìtì.